Ìrìn-Àjò Wa sí Ìlú Yìnyín, Níbi tí Wọ́n ti Fi Òtútù Tọ́ Ọkàn Àwẹ̀ró Sọ́nà

Ẹ jókòó bí ẹ bá fẹ́. N kò bẹ ẹnikẹ́ni kó wá sí àgbàlá mi nírọ̀lẹ́ yìí, ẹsẹ̀ ara yín ló gbé yín wá. Ẹ gbọ́ pé Ọdẹ́rìndé fẹ́ la ẹnu, ẹ sáré dé. Kódà ẹni tí kò kí mi láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ti wá gba àga tó dáa jù. Ẹ sún sẹ́yìn kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó jẹ ẹ́ tán tàbí kó dà á nù, nítorí ariwo ẹ̀pà lẹ́nu ènìyàn máa ń bí mi nínú gidigidi. Ìwọ Kọ́lápọ̀ aránṣọ, ìwọ tí ò ń sọ káàkiri àdúgbò pé irọ́ ni mò ń pa, mo ti rí ọ lẹ́yìn òpó yẹn. Bọ́ síwájú, kí ojú mi lè máa tó ọ.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ ọdẹ, ọmọ ọmọ ọdẹ. Ẹfọ̀n ti lé mi rí, èmi náà ti lé ẹfọ̀n. Mo ti bá iwin jẹun nínú abọ́ kan náà, èmi ni mo sì jẹ ẹran tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin ń bẹ̀rù nínú igbó, èmi ni òun náà ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe ìtàn ẹran. Ìtàn ọkàn ìyàwó mi ni, Àwẹ̀ró, ọkàn inú àyà gan-an, ẹran pupa tó ń lù yẹn, kì í ṣe ọkàn tí àwọn olórin fi ń tan ọmọbìnrin. Bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín, n ó dákẹ́, ẹ óò sì lọ sílé bí ẹ ṣe wá.

Ọṣẹ dúdú ni Àwẹ̀ró ń ṣe tà. Obìnrin tó lè máa ro ọṣẹ nínú ìkòkò ńlá láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí ni, kò sì ní jókòó. Lọ́jọ́ kan mo ti igbó dé, mo bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, igi tó fi ń ro ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn bò ó lójú. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà. Ẹ̀yin ènìyàn, ohun tí mo bá níbẹ̀ kò jọ ọkàn tó ń lù. Ó sáré, ó ta gìrì, ó dúró, mo rò pé ó ti tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí, mo sì sọ ọ́ láìtijú: ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí ẹfọ̀n lé mi lọ.

Ó la ojú, ó wò mí. "Bàbá Rẹ̀mí, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò láyà mi. Nígbà tí àyà ọ̀hún dáa, ṣebí inú igbó lẹ máa ń sùn?"

Mo ní, "Ìyá Rẹ̀mí, ìjà kọ́ la wà yìí."

Ó ní, "Ìjà ni. Ẹ kàn pẹ́ kí ẹ tó dé ibẹ̀ ni."

A mu àgbo, a lo oògùn òyìnbó. Ọkàn náà yóò rọlẹ̀ díẹ̀, yóò tún padà sí ìwà rẹ̀. Ó wá di pé ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kò gbé e mọ́ láti ààrò dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà náà ni mo gbé ìbọn, mo di igbá òrí kan mọ́ ẹrù mi, mo ní kó dìde, à ń lọ sí Igbó Àìsùn, nítorí àwọn ọdẹ tó ṣáájú mi máa ń sọ pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe ọkàn. Ó bú mi kó tó dìde. Ó bú mi lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo gbé e pọ̀n, ó tún bú mi látẹ̀yìn, ní etí mi gan-an. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ṣàìsàn.

Bí a ti wọ Igbó Àìsùn báyìí ni iwin kan yọ sí wa. Kò lójú, kò nímú. Etí kan ṣoṣo ló gba gbogbo iwájú orí rẹ̀, ó fẹ̀ tó atẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ìrẹsì. Elétíkan lorúkọ rẹ̀. Kò kí wa. Ó fi ẹ̀ka igi lù mí ní ìbàdí, mo ṣubú tèmi-tẹrù, Àwẹ̀ró sì yí lọ sínú koríko.

"Ẹ̀yin oníwàhálà!" ó pariwo. "Láti ìgbà tí ẹ ti kúrò nílé yín ni ọkàn yín ti ń dí mi létí. Ọ̀kan ń lù jẹ́ẹ́jẹ́, èkejì ń jà. Ẹ gbé e jáde nínú igbó mi!"

Mo na ìbọn sí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń gbọ́ ètù inú ìbọn náà, ó ti rin, kò lè pa eṣinṣin. Òótọ́ ló sọ, òjò ti pa á lọ́nà, ṣùgbọ́n ta ló bi í? Ó wá ní, "Àlọ́ kan ni mo ní. Bí ẹ bá já a, n ó ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá já a, n ó pa yín jẹ. Ta ní ń ṣiṣẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó bí i, tí kò jókòó rí, tó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá jókòó ni gbogbo ilé yóò bú sẹ́kún?"

Mo dáhùn kíá. Mo ní, "Ọdẹ ni!"

Ó tún fi igi lù mí. Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ṣé ọdẹ kì í ṣiṣẹ́ ni? Àwẹ̀ró pòṣé láti inú koríko tó wà. Ó ní, "Ọkàn ni. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún Bàbá Rẹ̀mí, ibí la ó kú sí."

Elétíkan ju igi sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti Àwẹ̀ró, ó fi etí ńlá yẹn bo gbogbo àyà rẹ̀, ó sì ń gbọ́ bó ṣe ń lù. Nígbà tó gbórí sókè, ohùn rẹ̀ kò le bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìkórìíra rẹ̀ sí wa kò dín rárá.

"Ẹ fetí sílẹ̀, mi ò ní tún un sọ. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Olórí ilé wà nínú yàrá òkè lápá ọ̀tún. Òun ló máa ń pàṣẹ pé kí ilé lù, kí ilé sinmi. Ilẹ̀kùn mẹ́rin wà lára yàrá òkè lápá òsì, méjì lọ́wọ́ òsì, méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé láti inú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn jàǹdùkú ti tẹ̀dó sí ẹnu ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ń pàṣẹ tiwọn, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Olórí ilé ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ. Yàrá òkè ń gbọ̀n dípò kó lù, ẹ̀jẹ̀ ń sùn ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ń dì. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn bá gbéra lọ sí orí, apá kan ara obìnrin yìí yóò kú, ẹnu tó fi ń bú ọ yóò sì dákẹ́."

Ẹ̀yin, bí wọ́n bá sọ fún mi lọ́jọ́ kan tẹ́lẹ̀ pé ẹnu Àwẹ̀ró yóò dákẹ́, bóyá ǹ bá ti ra ẹmu fún ẹni tó sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, omi bọ́ sí mi lára. Mo ní, "Ta ló lè lé àwọn jàǹdùkú yẹn?"

"Àwọn ará Ìlú Iná máa ń jó ẹnu ilẹ̀kùn. Àwọn ará Ìlú Yìnyín máa ń fi òtútù dì í. Ibi tí wọ́n bá jó tàbí tí wọ́n bá dì, àṣẹ jàǹdùkú kò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ yóò máa kọjá. Ẹ mú èyí tó bá wù yín. Àwọn méjèèjì ló kórìíra yín jù mí lọ." Ó ṣa òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lù wá, a sì sá.

Mo fẹ́ ká lọ sí Ìlú Iná, nítorí iná ni mo mọ̀. Àwẹ̀ró kọ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ń jókòó ti iná láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, mo mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tó bá ti jó, ó ti jó. Òtútù ní tiẹ̀, bó bá ṣèèṣì mú ibi tí kò yẹ, ẹ lè gbọ́wọ́ kúrò kó tó pẹ́ jù." Mo bá a jiyàn títí ẹnu fi ń ro mí. Ìlú Yìnyín la lọ.

Kí lo wí, Kọ́lápọ̀? O ní báwo ni òtútù yóò ṣe wọ inú ọkàn tí ènìyàn kò ní kú? Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa béèrè. Nígbà tí o bá ń fi abẹ́rẹ́ rán ṣòkòtò, ṣé gbogbo ṣòkòtò lò ń gún lẹ́ẹ̀kan náà ni? Ojú kan lò ń gún. Pa ẹnu rẹ dé.

Ọyẹ́ ló ń ṣọ́ ẹnu ibodè Ìlú Yìnyín. Ẹ̀yin mọ ọyẹ́ tó máa ń fẹ́ la ètè yín, àbí? Ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ni mò ń wí, òmìrán eléruku tí ìyẹ́ funfun wà lára rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń hó. Bó ti fẹ́ atẹ́gùn sí mi lẹ́ẹ̀kan, ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là, ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní ìka mi. Ó ní òun yóò gbẹ wá kú, òun yóò fi egungun wa ṣe odi. Mo ní irọ́ ńlá lo pa. A wọ̀yá ìjà. Ó gbé mi ṣánlẹ̀, mo dìde. Ó tún gbé mi ṣánlẹ̀, mo tún dìde, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí n kò yára.

Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró ju igbá òrí sí mi. "Ẹ fi para, ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ṣé ẹ fẹ́ máa fi agídí nìkan bá ọyẹ́ jà ni?" Mo bu òrí, mo fi para láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì fi pa òun náà lára. Ọyẹ́ bọ̀ wá, ó fẹ́ dì mí mú, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Ó mú mi ní itan, ó yọ̀. Ó mú mi lọ́rùn, ó yọ̀ kúrò, ó fi ojú ara rẹ̀ gbálẹ̀. Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi òrí kún un ní ihò imú méjèèjì, kò sì rí ibi tí yóò gba fẹ́ mọ́. Ó bẹ̀ mí. Mo ní kó ṣílẹ̀kùn. Ọdẹ wo ní ìlú yìí ló ti gun ọyẹ́ lẹ́yìn rí? Kò sí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Gbogbo nǹkan ní Ìlú Yìnyín ló funfun, ilé, ọ̀nà, irun orí àwọn ènìyàn. Kò síná níbẹ̀. Bí a ti ń kọjá, wọ́n ń fi aṣọ bo ẹnu, wọ́n ń tutọ́ sílẹ̀, nítorí èémí wa ń yọ́ ògiri wọn. Ìyá arúgbó kan tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, jáde sí wa. Ìyá Ògìnnìtìn ni wọ́n ń pè é, òun ni olórí wọn.

Ó ní, "Mi ò fẹ́ràn yín, ẹ má rò ó. Òfin ìlú wa ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń ṣìwà hù, tó sì kọjá lára Ọyẹ́, a gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Òfin ni mò ń tẹ̀lé. Ìwọ ọkùnrin, dúró sí igun yẹn. Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Má bi mí ní ìbéèrè. Ẹnu rẹ ń rùn, ó sì ń gbóná."

Wọ́n tẹ́ Àwẹ̀ró sórí pẹpẹ yìnyín, wọ́n fi aṣọ ránpẹ́ bò ó, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ó sì ń tòògbé. Ìyá Ògìnnìtìn mú rọ́bà oníhò kan, tín-ín-rín, gígùn, tí ó ń tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún. Kò lọ sí àyà rẹ̀. Ó lọ sí orí itan rẹ̀, níbi tí itan ti bá ikùn pàdé, ó wá iṣan ibẹ̀, ó sì ń ti rọ́bà náà wọlé.

Mo ní, "Ìyá yìí, ọkàn ló ń dùn ún! Itan lẹ̀ ń gún!"

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ọkàn ni mò ń gbà. Ìwọ ọdẹ, ṣé gbogbo ìgbà lo máa ń fọ́ ògiri kí o tó wọlé ni?"

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ògiri iwájú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀, mo sì rí inú ìyàwó mi nínú yìnyín náà. Mo rí ilé oníyàrá mẹ́rin yẹn, ó ń gbọ̀n. Mo rí olórí ilé ní yàrá ọ̀tún, ó ń pàṣẹ, ohùn ti há a lọ́fun. Mo rí rọ́bà náà tó ń gòkè nínú iṣan, ó dé yàrá òkè lápá ọ̀tún, ó lu ihò kékeré sí ara ògiri àárín, ó bọ́ sí yàrá òsì. Àwọn jàǹdùkú sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n pọ̀ ní ẹnu ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, olójú pípọ́n, wọ́n ń tàpá, wọ́n ń jágbe mọ́ ara wọn. Bí mo bá rí wọn nínú igbó ni, ǹ bá ti yìnbọn pa gbogbo wọn.

Bàlúùnù kékeré kan wú ní ẹnu rọ́bà náà, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ìyá Ògìnnìtìn tì í mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn kìn-ín-ní lápá òsì, ó dí i pátápátá, ó sì rán òtútù sínú rẹ̀. Àyíká ẹnu ilẹ̀kùn náà funfun. Àwọn jàǹdùkú lù ú, wọ́n pariwo, ohùn wọn kò kọjá. Ó ṣe ìkejì bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́, mo rántí pé wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan, mo sì dá ọwọ́ dúró.

Wàyí o, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn kan máa ń sọ ibí yìí láti fi mí ṣẹ̀sín. Kí Ìyá Ògìnnìtìn tó lọ sí ilẹ̀kùn méjì tó wà lápá ọ̀tún, ó gba iṣan mìíràn gbé ẹ̀gún irin kékeré kan sí apá òkè àyà Àwẹ̀ró. Lójú kan náà, òsúkè mú un. Híkì! Híkì! Híkì! Ọkùnrin yìnyín kan dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e níkùn, lábẹ́ egungun ìhà. N kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi, wọ́n kórìíra mi débi pé wọn kò ka èmi ọkọ rẹ̀ sí ẹni tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ kò mọ ohun tí òsúkè jẹ́ fún wa. Àwa máa ń jókòó sórí ẹ̀gùn, àga tí a so sórí igi, láti dúró de ẹran. Òsúkè ẹyọ kan, ẹran ti lọ. Nítorí náà, bí òsúkè bá mú ọdẹ kó tó gun ẹ̀gùn, ẹnìkejì rẹ̀ yóò jágbe mọ́ ọn lójijì, ẹ̀rù yóò bà á, òsúkè yóò sì lọ. Àwọn bàbá mi ń ṣe é, èmi náà ń ṣe é. Mo rí i pé ìyá yìí fẹ́ dọdẹ àwọn jàǹdùkú, òsúkè sì mú ìyàwó mi níbẹ̀. Kí ló yẹ kí n ṣe? Mo fi gbogbo ohùn mi ké: "Ejò! Àwẹ̀ró, ejò lẹ́sẹ̀ rẹ!"

Àwẹ̀ró ta gìrì lórí pẹpẹ. Ẹ̀gún irin náà yẹ̀ nípò, òsúkè dá. Ariwo mi la ògiri méjì, ó sì la ọwọ́ ọkùnrin yìnyín yẹn, ọwọ́ náà já bọ́ sílẹ̀ ó fọ́ wẹ́wẹ́. Ìyá Ògìnnìtìn fa òtútù padà wéré, ó yíjú sí mi. N kò tíì rí ojú tó le tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti rí ojú ẹkùn.

"Ọ̀dájú," ó ní. "Aṣiwèrè ọdẹ. Okùn èémí rẹ̀, okùn tó ń pàṣẹ fún un pé kó mí, gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún kọjá. Bí òtútù bá kàn án jù, okùn yẹn yóò kú, kò ní lè mí délẹ̀ mọ́ láéláé. Èmi ni mo fi ẹ̀gún irin ta okùn náà, tí mo fa òsúkè yẹn. Bó bá ń lù gírígírí, okùn èémí ṣì wà láàyè. Bó bá rọ̀, a óò dá òtútù dúró. Òsúkè yẹn ni ojú tí a fi ń rí i. Ìwọ lo fọ́ ojú náà!"

Mo ní, "Ṣé ẹ sọ fún mi ni?"

Ó ní, "Ṣé o tó ẹni tí mo ń sọ fún?"

Bí kì í bá ṣe Àwẹ̀ró tó wà lórí pẹpẹ, ọ̀kan nínú wa kì bá tí kúrò níbẹ̀ láàyè. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí mi. "Wá síbí. O ti fọ́ ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ òsúkè, ọwọ́ tìrẹ ló máa dípò rẹ̀. Bó bá rọ̀, pariwo. Ṣùgbọ́n gbọ́ dáadáa: bí o bá tún pariwo lásán, n ó fa rọ́bà yìí yọ, n ó lé yín jáde, ọkàn rẹ̀ yóò sì wà bó ṣe wà títí yóò fi pa á."

Mo gbé ọwọ́ lé ikùn ìyàwó mi. Wọ́n tún ẹ̀gún irin náà ṣe, òsúkè padà, híkì, híkì, ó ń ta mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá Ògìnnìtìn dí ilẹ̀kùn kẹta, òsúkè kò yẹ̀. Ó ku ẹyọ kan.

Òtútù wọ ilẹ̀kùn kẹrin. Àwọn jàǹdùkú ibẹ̀ ló burú jù, wọ́n mọ̀ pé àwọn ló kù. Híkì, híkì. Ọwọ́ mi ti ń kú, nítorí òtútù pẹpẹ náà ti gòkè dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Ó dà bí ẹni pé òsúkè rọ̀ díẹ̀. Àbí ọwọ́ mi ni kò mọ nǹkan mọ́? Bí mo bá pariwo lásán, ọkàn rẹ̀ yóò pa á. Bí n kò bá pariwo, èémí rẹ̀ yóò lọ. Mo yọ ọwọ́ kúrò, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lé ikùn rẹ̀.

Àwọn jàǹdùkú rí mi láti inú ògiri. Olórí wọn bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ọdẹ, dákẹ́. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ṣé ìgbà tí ẹran ti wà níwájú ìbọn tán lo fẹ́ la ẹnu? Ọdẹ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré nìyẹn. Mo pa ẹnu pọ̀. Híkì. Lẹ́yìn náà, hí. Lẹ́yìn náà, ohun kan tí n kò mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ tàbí mo rò ó.

Mo ké, "Ẹ dá a dúró! Ẹ dá a dúró, ó ń lọ!"

Ìyá Ògìnnìtìn fa òtútù padà kí n tó pa ẹnu dé. Ó tẹ̀ mọ́ mi, ó fẹ́ bú mi. Ó fetí sílẹ̀. Òsúkè kò sí. Ẹ̀gún irin wà nípò rẹ̀, kò yẹ̀, òsúkè kò sí. Apá ọ̀tún àyà Àwẹ̀ró kò gbéra mọ́. Apá òsì nìkan ló ń mí.

N kò gbé ojú mi kúrò níkùn rẹ̀. Mo ní, "Àwẹ̀ró, mo bẹ̀ ọ́. Àwẹ̀ró, súkè fún mi. Bú mi. Sọ pé inú igbó ni mò ń sùn, òótọ́ ni, inú igbó ni mo sùn, n kò mọ̀ pé mo lè pàdánù rẹ nílé. Súkè lẹ́ẹ̀kan péré." Kọ́lápọ̀, rẹ́rìn-ín bí o bá lè rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ará Ìlú Yìnyín, mo sì tún lè sọ ọ́ lójú tìrẹ. Bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ́jọ́ náà kì í ṣe ohun tí mo lè fi ẹnu sọ tán.

Òtútù náà ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ kúrò lára okùn èémí. Ohun kan ta mọ́ mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, kékeré. Mo rò pé èmi ni. Ó tún ta. Híkì. Lẹ́yìn náà, híkì! Apá ọ̀tún àyà rẹ̀ gbéra sókè, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gbéra.

Mo wo ògiri. Ẹnu ilẹ̀kùn kẹrin ti funfun yíká. Òtútù kúkúrú yẹn ti tó o. Àwọn jàǹdùkú wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń la ẹnu, ohùn kò jáde. Yàrá òkè gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, olórí ilé pàṣẹ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó ti há. Gbogbo ilé lù. Ó pàṣẹ, gbogbo ilé sinmi.

Ìyá Ògìnnìtìn wò mí títí. Ó ní, "O gbọ́ ọ kí n tó gbọ́ ọ." Ó fa rọ́bà yọ, ó fi ọwọ́ tẹ orí itan Àwẹ̀ró kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ó sì sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé bí obìnrin náà bá ti lè rìn, kí wọ́n lé èmi jáde kíákíá, nítorí òórùn òrí ara mi ti gba gbogbo ilé kan.

Àwẹ̀ró la ojú. Mo ṣì wà níbi tí mo wà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣì wà níkùn rẹ̀, irùngbọ̀n mi ti dì gan-an. Mo ń gbọ́ ọkàn rẹ̀ láti ibẹ̀, ó ń lù, ó ń sinmi, ó ń lù.

Ó ní, "Bàbá Rẹ̀mí, ṣé ẹ̀ ń sunkún ni?"

Mo ní, "Ta ní ń sunkún? Yìnyín irùngbọ̀n mi ló ń yọ́."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ wá, ó fi ìka kan nu ikùn ara rẹ̀ níbi tó rin, ó wò ó, ó sì fi ọwọ́ náà dì mí lórí mú, kí n má baà dìde. Ó ní, "Yìnyín wo ló gbóná tó báyìí?"

Ìtàn mi parí síbẹ̀. Ó tó. Ẹ dìde nílẹ̀ mi, kí kálukú gbé àga rẹ̀ padà síbi tó ti gbé e, kí ẹni tó dá èèpo ẹ̀pà sílẹ̀ ṣa á kó tó lọ. Èmi ń wọlé lọ bá ìyàwó mi.